Gbèsè Tí A Kò Jẹ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́dún yìí kì í ṣe ti ẹni tó yáwó tí kò san. Ìyẹn ní wáàsí tirẹ̀. Ẹni tí kò yáwó, tí kò dúró fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n wá ń sìn lówó, òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Láyé àwọn baba wa, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn ni a ń pè ní òṣómàáló, nítorí pé wọn a lóṣòó, wọn a ní àwọn kò ní í dìde títí owó àwọn yóò fi pé. Ẹnu ọ̀nà ẹni tó kó aṣọ wọn ni wọ́n ń lóṣòó sí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ayánilówó orí fóònù òde òní kò mọ ẹnu ọ̀nà kankan. Wọn a kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù ẹni tó yáwó. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san, àti àfáà rẹ̀, àti oníbàárà rẹ̀, àti ẹni tó ta ẹ̀wà fún un lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo wọn ni wọn yóò máa pè, tí wọn yóò máa bú.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa rí irú rẹ̀. Wọ́n ní òun ni onídùúró obìnrin kan tí wọ́n jọ ń ná ọjà kan náà, pé bí kò bá san, àwọn yóò pín àwòrán rẹ̀ káàkiri pé olè ni. Owó ilé-ìwé ọmọ ni ìyá náà fẹ́ kó fún wọn kí ìtìjú lè kúrò. A ní kó má san kọ́bọ̀. Ẹni tó san gbèsè tí kò jẹ nítorí ìtìjú ti gbà pé òun jẹ ẹ́, wọn yóò sì padà wá gba èlé.

Nínú ẹ̀sìn wa, onídùúró ni ẹni tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà láti dúró. Ẹni tó pe ẹjọ́ ló sì ni ẹ̀rí í mú wá. Àyà tó gùn jù nínú Alùkùránì, ìkejìlélọ́gọ́rin lé ní igba nínú Súrátùl Bákárà, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n: níbo ni ìwé tí mo fọwọ́ sí wà? Ta ni ẹlẹ́rìí?

Bí wọ́n bá fi ọlọ́pàá dẹ́rù bà yín, òfin ẹjọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní kí a má ṣe mú ènìyàn dípò ẹlòmíràn. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 náà kò gbà kí a torí gbèsè lásán mú ènìyàn. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo oníbàárà, ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú àwọn ayánilówó wọ̀nyí ní Èkó lóṣù kẹta ọdún 2022, ó sì gbé ìlànà jáde fún wọn lóṣù kẹjọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn. Ẹ má ṣe bú wọn padà. Ẹ má ṣe pa ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ rẹ́, ẹ̀rí yín ni. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà báǹkì yín fún wọn.

Èyí tó dùn wá jù kò ti ọ̀dọ̀ ayánilówó wá. Àwọn kan nínú jámáà rí àwòrán ìyá yìí lórí fóònù wọn, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kí wọ́n tó bi í léèrè. Ní àsàláátù, àwọn kan sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa la mọ orúkọ tí ẹ̀sìn pe irú èyí. Kí ẹni tó bá pín in tún ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó pín in fún pé irọ́ ni.

Ẹni tí irú rẹ̀ bá dé bá tí kò mọ ìwé kọ, kó mú fóònù rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn ìrun àsárì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà yóò bá a kọ lẹ́tà náà, wọn kò ní í gba owó.