Ìlérí Ọjọ́ Kì í Ṣe Ètò Iṣẹ́

Ní ọdún 1952 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1955 ni àwọn ọmọ wọlé. Kí ọjọ́ náà tó pé ni wọ́n ti ń kọ́ olùkọ́, tí wọ́n sì ń kọ́ yàrá ìkàwé. Ẹ wá wo reluwé aláwọ̀ búlúù ti Èkó: iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ó di 2023 kí ó tó gbé èrò.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí ìjọba tó dá ọjọ́ ìparí iṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ: ìgbà tí owó yóò jáde, ìgbà tí òrùlé yóò gorí ilé kí òjò tó dé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ọmọ tí ń kàwé lábẹ́ igi kò lè fi ìlérí bo orí.