Ère Iwájú Ọkọ̀ Kì Í Tukọ̀

Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 28:1–15

 

Ohun kan wà nínú ẹ̀kọ́ wa yìí tí a sábà máa ń kà kọjá. Lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù lo oṣù mẹ́ta ní erékùṣù Mẹ́lítà, ó wọ ọkọ̀ Alẹkisáńdíríà kan lọ sí Róòmù. Lúùkù kò sọ orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà fún wa, ṣùgbọ́n ó sọ àmì tó wà lára rẹ̀: Kásítórù àti Pólúksì. Ìbejì ni àwọn méjèèjì, òrìṣà tí àwọn atukọ̀ Gíríìkì àti Róòmù máa ń ké pè nígbà ìjì. Ẹni tó bá ti rí ère ìbejì nílẹ̀ Yorùbá kò ní í ṣòro fún láti fojú inú wò ó.

Láti ayé àtijọ́ ni àwọn atukọ̀ ti ń fi ère tàbí àwòrán sí iwájú ọkọ̀. Àwọn Gíríìkì a máa kun ojú sí i, bí ẹni pé ọkọ̀ yóò fi ríran. Nígbà ọkọ̀ onígbòkun ní Yúróòpù, igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère náà: kìnnìún, ọba, obìnrin arẹwà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí ọ̀pọ̀ wọn ní Greenwich, níbi tí wọ́n gbé ọkọ̀ Cutty Sark ti ọdún 1869 kalẹ̀ sí. Wọ́n lẹ́wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìdí ọkọ̀ ni ìtọ́kọ̀ wà, ẹni tó sì di ìtọ́kọ̀ mú ni ọkọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Nígbà tó yá tí ọkọ̀ onírin gbòde, wọ́n dẹ́kun fífi ère sí i. Ọkọ̀ kò torí ìyẹn ṣìnà.

Pọ́ọ̀lù kò bẹ̀rù ère náà, kò sì bọ ọ́. Ọlọ́run ti ṣèlérí pé yóò dé Róòmù, ó sì dé ibẹ̀. Nítorí náà, arákùnrin tó ń béèrè bóyá òun lè gba ilé lọ́wọ́ onílé tí kì í ṣe Kristẹni, tàbí kí òun wọ mọ́tò tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mìíràn sí iwájú rẹ̀ ní gáréèjì Jabi, èsì mi ni pé: wọ ọkọ̀ rẹ, kí o sì máa bá Olúwa rẹ lọ.

Apá kejì ọ̀rọ̀ náà ló ń dùn mí jù. Ní ọdún 1564, John Hawkins, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yá ọkọ̀ kan lọ́wọ́ Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ó kó àwọn ọmọ adúláwọ̀ sínú rẹ̀ ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì lọ tà wọ́n fún àwọn ará Sípéènì ní Amẹ́ríkà. Orúkọ ọkọ̀ náà ni Jesus of Lübeck. Ẹ tún un kà. Ọkọ̀ tó ní àmì òrìṣà gbé àpọ́sítélì. Ọkọ̀ tó ń jẹ́ Jésù kó ẹrú.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì tán. Ẹnìkan yóò wá bá ìyá kan nínú ìjọ, yóò fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, yóò pe ara rẹ̀ ní arábìnrin nínú Olúwa, yóò ní iṣẹ́ wà fún ọmọ rẹ̀ ní òkè òkun. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹ má wo ère. Ìtọ́kọ̀ ni kí ẹ béèrè. Iṣẹ́ wo ni? Ta ni yóò gbà á síṣẹ́? Ọwọ́ ta ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ yóò wà? Ta ló san owó ọkọ̀, báwo ló sì ṣe fẹ́ gbà á padà? Bí kò bá sí ìdáhùn tó ṣeé yẹ̀ wò, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà lọ. Ẹ fi tó NAPTIP létí, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 2003 láti gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò. Ìbéèrè kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Olúwa fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé èso ni kí a fi dá ènìyàn mọ̀.

Kí àwa náà yẹ ara wa wò. Àgbélébùú tí a so mọ́ iwájú mọ́tò kì í tukọ̀. Orúkọ ìjọ tó wà lára aṣọ wa kì í tukọ̀. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ilé bàbá rẹ, tí owó oṣù sì pẹ́, ta ló di ìtọ́kọ̀ rẹ mú?

Olúwa, di ìtọ́kọ̀ ayé wa mú. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa tó wà lójú ọ̀nà. Àmín.