Ta Ni Yóò Dáhùn fún Ìbọn Òṣèré?

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àgbà ọdẹ fi ń lé ọmọṣẹ́ rẹ̀ létí ni pé a kì í kọ ẹnu ìbọn sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀tù wà nínú rẹ̀ tàbí pé kò sí, nítorí pé irin Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, kì í mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó bá ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni a fi ń wo ọ̀ràn ikú Halyna Hutchins, ọmọ ilẹ̀ Ukraine tí ó jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán fún fíìmù Rust, tí ìbọn eré pa ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 2021 ní Bonanza Creek Ranch, lẹ́bàá ìlú Santa Fe, ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà. Ẹni ọdún 42 ni. Ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀.

Inú ilé ìjọsìn onípákó kan tí wọ́n ń lò fún eré náà ni Alec Baldwin, gbajúgbajà òṣèré tí ó tún wà lára àwọn tí ó gbé fíìmù náà kalẹ̀, ti ń fi ìbọn ìléwọ́ dánra wò, bí yóò ti fà á yọ nínú àpò rẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí kámẹ́rà wà, kí ìbọn náà tó dún, tí ọta kan ṣoṣo sì la ara Hutchins kọjá, tí ó lọ ba Joel Souza, olùdarí fíìmù náà, ní èjìká. Souza yè é; Hutchins kò yè é. Ayédèrú ọta, tí kò ní ẹ̀tù nínú rárá, ni ó yẹ kí ó wà nínú ìbọn náà, ṣùgbọ́n ojúlówó ni ó wà níbẹ̀. Ojúlówó ọta mẹ́fà ni àwọn agbẹjọ́rò ìjọba sì sọ pé ó dé inú ọgbà tí a kò gbọ́dọ̀ ti rí ẹyọ kan.

Ikú náà kò dé láìránṣẹ́ ṣáájú. Ìbọn ti dún láìròtẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ 16 oṣù kan náà, kò sì sí ẹni tí ó dá iṣẹ́ dúró kí a wádìí ohun tí ó fà á; àwọn ayàwòrán kan ti ráhùn títí, wọ́n sì ti kó ẹrù wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ ibi náà tó ṣú. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọmọbìnrin tí wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ìbọn, Hannah Gutierrez-Reed, jẹ́ ẹni ọdún 24, wọ́n sì tún fi iṣẹ́ mìíràn kún ti ìbọn fún un, èyí tí í ṣe títọ́jú àwọn ohun èlò eré. Àjọ tí ń bójú tó ààbò òṣìṣẹ́ ní New Mexico wádìí ọ̀ràn náà, ó sì rí i pé àwọn ọ̀gá mọ̀ pé a kò tẹ̀ lé ìlànà ìbọn, tí wọ́n sì dágunlá sí i. Àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé, ẹni tí ó bá sì gbé e lé e lórí kò gbọ́dọ̀ fara pa mọ́ nígbà tí ọrùn bá ṣẹ́. Ní ti igbákejì olùdarí, tí ìwé àwọn ọlọ́pàá ní ó kígbe fún gbogbo èrò ibẹ̀ pé ìbọn náà tutù, ìyẹn ni pé kò sí ohun tí ó lè jáde nínú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun kò yẹ gbogbo ihò rẹ̀ wò. Ẹyin lohùn, igbe kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wọn gbé ọkàn lé, òun náà ni ó sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Báwo ni òfin ṣe wá pín ẹ̀bi yìí? Igbákejì olùdarí kò bá wọn ṣe ẹjọ́ jìnnà, oṣù mẹ́fà ìṣọ́wà láìwọ ẹ̀wọ̀n ni ó sì gbà. Wọ́n bu owó ìtanràn 136,793 dọ́là lé ilé iṣẹ́ fíìmù náà, wọ́n tún dín in kù sí 100,000. Olùtọ́jú ìbọn ni wọ́n dá lẹ́bi ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2024, tí wọ́n sì rán lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 18. Ní ti Baldwin, tí ó ti ń sọ pé òun kò fa ohun ìyìnbọn náà, Adájọ́ Mary Marlowe Sommer fagi lé ẹjọ́ rẹ̀ pátápátá ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 2024, nítorí pé ìjọba fi ẹ̀rí kan nípa àwọn ọta pamọ́ fún àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀. Ìdájọ́ náà tọ́, nítorí ìjọba tí ó bá fi ẹ̀rí pamọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ti tipa bẹ́ẹ̀ dáhùn ìbéèrè bóyá ẹni tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ojúṣe tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ adájọ́ kò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹgbẹ́ àwọn òṣèré ní Amẹ́ríkà sọ pé iṣẹ́ òṣèré kọ́ ni láti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìbọn. A kò kọ ọ̀rọ̀ wọn dànù, nítorí òótọ́ ni pé ẹni tí kò mọ ojúlówó ọta yàtọ̀ sí ayédèrú lè tú ìbọn palẹ̀ kí ó sì tún dá ewu mìíràn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè ní kí olùtọ́jú tú u lójú òun. Ó sì lè kọ̀ láti kọ ẹnu rẹ̀ sí ẹni tí ó jókòó lẹ́yìn kámẹ́rà. Èrò tiwa ni pé bí ènìyàn mẹ́wàá bá pawọ́ pọ̀ gbé ìbọn dé ibi tí ó ti pani, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀bi ni ó kan ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn. Odindi ni ó kan olúkúlùkù, tí ó fi mọ́ ẹni tí ó di àpò owó mú, tí ó ní kí a yára, tí ó sì ní iṣẹ́ ènìyàn méjì kò ju ti ẹnìkan lọ.

Ẹni tí ó bá sì rò pé ayédèrú ọta kò lè pani, kí ó ka ìtàn Brandon Lee, ọmọ Bruce Lee, tí ó kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1993 ní Wilmington, ní North Carolina, lẹ́nu iṣẹ́ fíìmù The Crow, nígbà tí ó wà ní ẹni ọdún 28. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń fẹ́ ọta tí kámẹ́rà yóò rí, wọ́n tú ojúlówó, wọ́n da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù, wọ́n sì dá òjé orí rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n wọn kò yọ ohun kékeré ìdí rẹ̀ tí ń ṣáná sí ẹ̀tù. Ohun kékeré yìí ni ó ti òjé wọ inú ọ̀pá ìbọn, òjé sì há síbẹ̀ láìsí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n ki kátíríìjì tí ó ní ẹ̀tù ṣùgbọ́n tí kò ní òjé sínú ìbọn kan náà, òṣèré ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yìn ín sí i gẹ́gẹ́ bí eré ti là á kalẹ̀, agbára ẹ̀tù sì gbá òjé tí ó há náà jáde wọ̀ ọ́ nínú. Àìbìkítà ni wọ́n pè é, wọn kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ọ̀daràn. Ẹni tí ó yìn ín sì sọ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé àlá burúkú rẹ̀ kò tíì fi òun sílẹ̀. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1984, òṣèré mìíràn, Jon-Erik Hexum, ti fi irú ìbọn ẹlẹ́tù lásán bẹ́ẹ̀ kan ẹ̀bátí ara rẹ̀ ṣeré, ó sì ti ibẹ̀ rèwàlẹ̀ àsà.

Ikú tí ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ọdẹ ń gbé ìbọn nínú fíìmù Yorùbá, adigunjalè ń yọ ọ́, ọlọ́pàá inú eré ń yìn ín. Bẹ́ẹ̀ Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ní Nàìjíríà kò fàyè gba ẹnikẹ́ni láti ní ìbọn lọ́wọ́ láìgba ìwé àṣẹ, kò sì yọ òṣèré sílẹ̀. A mọ̀ pé owó fíìmù kò pọ̀ nílé wa, ọjọ́ iṣẹ́ sì kúrú, ṣùgbọ́n ibi tí owó bá ti kéré ni ó ti yá láti mú ìbọn gidi ọwọ́ ẹni tí ó bá súnmọ́ni jù lọ, nígbà tí igi tí a gbẹ́ tí a kùn ní dúdú yóò ṣe é, tí kọ̀ǹpútà yóò sì fi iná àti èéfín sí i lẹ́nu nígbà tí a bá ń to àwòrán pọ̀. Gbajúgbajà òṣèré Dwayne Johnson kéde lẹ́yìn ikú Hutchins pé ilé iṣẹ́ òun kò ní lo ìbọn gidi mọ́.

Nítorí náà, a ń rọ ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tí à ń pè ní TAMPAN, àti gbogbo ẹni tí ń fi owó sílẹ̀ fún fíìmù, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbọn gidi wọ ibi iṣẹ́ wọn; àti pé níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti fàáké kọ́rí pé dandan ni, kí orúkọ olùtọ́jú ìbọn wà nínú ìwé àdéhùn, kí a má ṣe fún un ní iṣẹ́ kejì, kí a tú ìbọn wò láti ọ̀pá dé ihò lójú ẹni tí yóò gbé e àti ẹni tí yóò dúró níwájú rẹ̀, kí olówó fíìmù sì fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ pé bí ẹ̀mí bá bọ́, òun ni àwọn ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ pè.