Aṣojú Tí Kò Dé Ọjà, Ta Ló Ń Ṣojú Fún?



Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ aṣojú ìjọba àti àdéhùn ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni, pé kékeré ò lè rí nǹkan gidi mú bọ̀ níbẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká wo Singapore àti Brunei, ní gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà.

Singapore kò ní epo rọ̀bì. Èbúté, òwò àti báńkì ló gbé e ró. Brunei ní epo àti gáàsì, àmọ́ àwọn èèyàn ibẹ̀ ò tó ìdajì mílíọ̀nù. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní 1967, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Singapore dá dúró, wọ́n ṣe àdéhùn pé dọ́là Brunei àti dọ́là Singapore á máa jẹ́ ọgbọọgba. Malaysia náà wà níbẹ̀. Ó jáde ní 1973. Àwọn méjì tó kù ò túká. Títí dòní, mú dọ́là mẹ́wàá Brunei lọ sí báńkì ní Singapore, dọ́là mẹ́wàá Singapore ni wọ́n máa kà fún ẹ.

Ẹ wò ó dáadáa o. Lọ́dún 1967 yẹn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló ṣì ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkèèrè fún Brunei. Oṣù Kìíní 1984 ló tó gba òmìnira, ọdún yẹn náà ni àjọṣe ìjọba sí ìjọba bẹ̀rẹ̀ láàárín wọn. Àdéhùn tó wọ àpò aráàlú ló ṣáájú, aṣojú wá ń ṣọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ wọn ò pààlà! Òkun ló wà láàárín wọn, ó ju kìlómítà 1,000 lọ.

Àwa tá a pààlà ńkọ́? Bẹ̀nẹ̀ ní aṣojú l'Ábújá, Nàìjíríà ní tiẹ̀ ní Kùtọnu. Síbẹ̀, ní Oṣù Kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Sẹ̀mẹ̀ ò ṣí títí di Oṣù Kejìlá 2020. Ìdí-Ìrókò tó kọjú sí Ìgòlò, Oṣù Kẹrin 2022 ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lẹ́rù lọ́nà lọ́jọ́ náà, ẹ mọ ohun tójú yín rí.

Wọ́n á ní náírà àti sẹ́fà ò lè dọ́gba. Ta ló bèèrè ìyẹn? A ò sì ní ká lọ kọ́ ìṣèlú Brunei, níbi tí àṣẹ gbogbo wà lọ́wọ́ ọba kan ṣoṣo. Nǹkan mẹ́ta là ń bèèrè.

Èkíní, kí àwọn aṣojú méjèèjì máa wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọba àti ìyálọ́jà ẹnubodè, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún.

Èkejì, kí wọ́n má ti ẹnubodè mọ́ láìfún aráàlú lọ́jọ́ tí wọ́n á fi kó ẹrù wọn kọjá.

Ẹ̀kẹta, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí iye tí aṣọ́bodè lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ru igbá, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i.

Ẹ̀yin kábíyèsí wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, títí dé Àjàṣẹ́, ohùn yín ni wọ́n máa gbọ́ ju tiwa lọ. Ẹ bá wa fọwọ́ sí lẹ́tà yìí. Ohun tó bá ojú ló bá imú: ọjà tó bá tú, ààfin náà á mọ̀ ọ́n lára.

Ẹni tó bá ní aṣojú lòun, kó wá wo ojú wa.