Ẹ Jẹ́ K'á Lọ Sùn L'ẹ́sẹ̀ Òkè Adó

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa l'Ọ́jà'ba, Bẹẹrẹ àti Beyerunka!

Aṣọ ẹgbẹ́ l'à ń rà l'ọ́dọọdún. Ó dára, ṣùgbọ́n aṣọ kì í tu ẹ̀yìn tó ń dunni lára. Ẹ jẹ́ k'á f'owó aṣọ ọdún kan gba ọkọ̀ lọ sí Adó-Àwáyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn. K'á sùn mọ́jú l'ẹ́sẹ̀ òkè, k'á gùn ún ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú. Adágún Ìyákẹ́ ń bẹ l'órí òkè náà gan-an, omi l'órí àpáta! Àtẹ̀gùn 369 ni wọ́n ní ó gbé'ni débẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó jókòó n'ísàlẹ̀ kó gba afẹ́fẹ́.

Àwọn kan á ní fàájì òyìnbó ni. Ó tì o! Kí l'à ń tì'lẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fún l'ọ́jọ́ Òkè'Bàdàn, tí a kì í dá'ná? Orí òkè l'àwọn baba ńlá wa sá sí, tí wọ́n ń jẹ èso òro àti ìgbín.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni k'á lọ, torí àpáta a máa yọ̀ l'ójò. Kóńkólùkù mú ẹní, aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì àti omi. Oúnjẹ, k'á rà á l'ọ́wọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀. Ọlọ́jà ẹgbẹ́ wa ni wọ́n. K'á má da ọ̀rá sílẹ̀, ohun tí onílé bá sì ní k'á má ṣe l'étí adágún, k'á má ṣe é.

Ọjà Oyíngbò ò mọ̀ p'ẹ́nìkan ò wá. Ẹ jẹ́ k'á fúnra wa sinmi, kí àìsàn tó fi'pá dá wa jókòó. Ẹ wá sọ tiyín ní ìpàdé.