Ẹ Ṣàlàyé Ìwé Náà Kí A Tó Fọwọ́ Sí I

Ìwé kan wà tí ilé ìwòsàn máa ń gbé síwájú ẹbí kí wọ́n tó gbé aláìsàn wọ tíátà. Gẹ̀ẹ́sì ló kún inú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tíátà ni àwọn aládùúgbò mi ní Ire-Àkárí, ní Ìsọlọ̀, ti ń gbé irú rẹ̀ wá bá mi. Ẹni tó wá kẹ́yìn ni ìyàwó káfíńtà kan. Ọkọ rẹ̀ ti ń tọ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n ní àtọ̀sí ni, ó ń mu àgbo, títí ìhà rẹ̀ ọ̀tún fi wú tó sì le. Àwòrán skáànù fi hàn pé jẹjẹrẹ ti gba kíndìnrín náà, ó sì ti ń rá wọ inú iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn. Obìnrin yìí ti fọwọ́ síwèé kó tó bi mí pé, "Mọ́mì, tí wọ́n bá ti yọ ọ́, ṣé ó ti parí nìyẹn?"

Kò parí, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti jókòó sọ fún un.

Bí jẹjẹrẹ bá ti wọ iṣan yẹn, dókítà gbọ́dọ̀ dì í lókè dì í nísàlẹ̀, kó là á, kó fa ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde, kó tó rán an padà. Bí ègé kan bá já tó lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn lè kú lórí tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ lè dà púpọ̀, nítorí náà kí ẹ̀jẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní báńkì, kì í ṣe kí a máa sáré pe àwọn àbúrò láti Òṣòdì nígbà tí ikùn ti wà ní ṣíṣí.

Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni mo ti rí èyí tó pọ̀ jù. Ojú ọgbẹ́ ń ro aláìsàn, kò fẹ́ mí kanlẹ̀, kò fẹ́ wúkọ́, nìmóníà á sì wọlé. Ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú ẹsẹ̀ ẹni tí kò rìn. Ìfun lè pẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Kíndìnrín kan ṣoṣo tó kù á wá máa dá ṣiṣẹ́ méjì, bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá sì ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ṣe káfíńtà yìí gan-an nìyẹn. Ó ye iṣẹ́ abẹ, àmọ́ wọ́n ní kó máa wá fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti ta ilẹ̀ wọn ní Ìkòròdú nítorí iṣẹ́ abẹ; wọn kò ní òmíràn tí wọn yóò tà fún ẹ̀rọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ọ̀bẹ o. Bí jẹjẹrẹ kò bá tíì fọ́n ká, yíyọ kíndìnrín náà ni ìrètí tó dára jù. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun, ọ̀rọ̀ yí padà. Lọ́dún 2018, àbájáde ìwádìí CARMENA, tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé darí, fi hàn lára aláìsàn 450 pé àwọn tó lo oògùn sunitinib nìkan kò tètè kú ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yọ kíndìnrín wọn lọ. Oògùn ọ̀hún wọ́n, mo mọ̀. Kí wọ́n sọ ìyẹn náà fún ẹbí.

Òfin ti wà nílẹ̀. Abala 23 nínú Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí a ṣàlàyé fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ṣe rí, àwọn ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní, ewu àti owó wọn, àti ẹ̀tọ́ tó ní láti kọ̀. Bó bá ṣeé ṣe, ó ní kó jẹ́ ní èdè tó yé e. Ní Èkó yìí, ta ló máa sọ pé kò ṣeé ṣe láti rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá?

Dókítà kò tó, ọ̀pọ̀ ti ré òkun lọ. Ẹ gbé iṣẹ́ náà fún nọ́ọ̀sì nígbà náà: ìjókòó kan pẹ̀lú ẹbí, ó kéré tán ọjọ́ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ní ti ẹbí, kí wọ́n béèrè iye ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀, bí kíndìnrín kejì ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, àti iye tí yóò ná wọn bí aláìsàn bá ní láti wọ yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dá wọn lóhùn, kí wọ́n má tíì fọwọ́ síwèé.