Ta Ló Pe Ẹni Tó Lúgọ Ní Ojo?

Mo ti gbọ́ ọ tó gẹ́ẹ́. Ní Òdòde o, ní Aládé o, nílé géèmù èyíkéyìí tí wọ́n bá ti to àga síwájú tẹlifíṣọ̀n méjì tí jẹnẹrétọ̀ ń han gooro lẹ́yìn ilé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìdànrè ń tẹnu mọ́: géèmù tí èèyàn ti ń rákò kiri, tó ń ba sẹ́yìn ògiri, géèmù ojo ni. Wọ́n ní ọkùnrin gidi a máa fẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn wọlé, a sì máa da ìbọn bo ẹnikẹ́ni tó bá bá níbẹ̀. Ẹni tó yọ́ wọlé, tó yọ́ jáde, tí ẹyẹ kan ò rí i, wọ́n ní ìyẹn ò gbá géèmù kankan. Èyí tí mo kọ sílẹ̀ yìí gan-an, mo ti bá wọn tún un ṣe ni. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn kò dára tó báyìí, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń gbè é lẹ́sẹ̀.

Wọ́n tún ní irú géèmù bẹ́ẹ̀ ń falẹ̀. Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ó ń kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Èyí tó ń kọ́ ọ láti yìnbọn pa ọgọ́rùn-ún èèyàn kó tó jẹun alẹ́ ńkọ́, ṣé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni? Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ojo yẹn ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ ká mú Project IGI, tí gbogbo wa ń pè ní IGI lásán. Ilé iṣẹ́ Innerloop ní orílẹ̀-èdè Nọ́rùwéì ló ṣe é, Eidos ló gbé e jáde ní ọdún 2000, kò sì pẹ́ tó fi dé orí kọ̀ǹpútà nílẹ̀ wa níbí. Sójà kan ṣoṣo ni ẹ máa jẹ́ níbẹ̀, David Jones lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ 14 ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́, òun nìkan ló sì ń dá a ṣe. Èyí tó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ mi nìyí: kò sí séèfù, ìyẹn títọ́jú ibi téèyàn bá dé, láàárín iṣẹ́ kan. Ẹ bá iṣẹ́ náà dé òpin, tàbí kí ẹ kú, kí ẹ sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìdí wáyà tí ẹ ti gbéra. Nígbà tí IGI 2 jáde ní 2003 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba èèyàn láyè láti ṣe séèfù lágbedeméjì, ìyẹn náà sì níwọ̀n. Ẹ wá fi ti iná mọ̀nàmọ́ná ilẹ̀ wa kún un, iná tó jẹ́ pé ìgbà tó bá ku ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo kéèyàn parí iṣẹ́ ló máa ń lọ.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ẹ dùbúlẹ̀ sórí gegele lẹ́yìn wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ẹ gbé awò sójú. Sójà kan wà lórí ilé ìṣọ́, àwọn mìíràn ń rìn yí ọgbà ká, kámẹ́rà kan ń yí ojú lára ògiri: ó wo ọ̀tún, ó dúró díẹ̀, ó wo òsì. Kó tó padà wo ọ̀tún ni ẹ gbọ́dọ̀ ti sáré kọjá. Kì í ṣe eré àsápajúdé o. Ẹ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ẹ máa sá sí kí ẹ tó gbéra. Ẹ dé ẹ̀yìn ilé, ẹ dúró, ẹ gbọ́ ìró bàtà sójà tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Ẹ wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà wà, ẹ pa kámẹ́rà. Bí ọwọ́ bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n tí ẹnì kan rí yín, aago ìdágìrì á dún, sójà á sì máa tú jáde láti bárékè. Ẹ̀mí Jones kì í pọ̀ títí, oògùn tó lè mú un sàn ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ìgbà tí ẹ ti fi rákò, ó lọ nìyẹn.

Ẹ dá mi lóhùn: ta ló ń fi nǹkan wewu níbẹ̀? Ẹni tó mọ̀ pé àṣìṣe kan ṣoṣo á gba gbogbo ohun tí òun ti ṣe mọ́ òun lọ́wọ́, tó sì tún ń tẹ̀ síwájú lókùnkùn, ẹ̀yin pè é ní ojo. Ó dáa.

Akíkanjú tiyín ńkọ́, èyí tó ń gbá Call of Duty? Láti Call of Duty 2 ní 2005, nínú ọ̀pọ̀ wọn, bí ìbọn bá ba èèyàn níbẹ̀, kò ní kó wá oògùn lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n á pọ́n, ọkùnrin gidi á sá wọ ẹ̀yìn ògiri, á kúnlẹ̀, á dúró títí pípọ́n náà á fi kúrò lójú, ara á sì tún yá gágá. Ẹ̀yìn ògiri ni mo wí o! Bó bá sì kú, wọ́n á jí i dìde nítòsí ibi tó kú sí. Ẹ̀mí tí kì í tán lẹ fi ń ṣe fáàrí ìgboyà. Bí Jones bá wà lẹ́yìn ògiri, ẹ ní ẹ̀rù ló ń bà á. Bí tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ ní ó ń sinmi díẹ̀. Ẹ ò tiẹ̀ lójútì.

Ìlúgọ nínú géèmù kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1987, Hideo Kojima, ará Japan, ń ṣe Metal Gear fún kọ̀ǹpútà MSX2. Ẹ̀rọ náà kò lè gbé ọ̀pọ̀ sójà àti ọ̀pọ̀ ọta ìbọn sójú ẹ̀ẹ̀kan náà, ló bá sọ ogun náà di ogun ìlúgọ. Nígbà tó fi di 1998, Metal Gear Solid, Tenchu àti Thief jáde lọ́dún kan ṣoṣo. Èyí tó jáde fún PS2 ní 2004, Metal Gear Solid 3, ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ó níbì kan tí Snake, sójà tí ẹ máa jẹ́ níbẹ̀, ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú odò, tí gbogbo àwọn tí ẹ ti pa láti ìbẹ̀rẹ̀ géèmù ń rìn bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Ẹni tó bá ti yọ́ kọjá lára àwọn sójà, àwọn ọ̀gá díẹ̀ tí kò sí bí kò ṣe ní bá jà nìkan ló máa rí. Ẹni tó pa gbogbo èèyàn, òkú ò tètè tán lójú odò fún un. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó máa ń fi ìbọn yangàn, tó gbé páàdì sílẹ̀ nínú odò yìí pé géèmù náà ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Gbèsè rẹ̀ ló ń san.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni pé ọmọ Ìdànrè ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Ìdànrè! Ẹ gbé ojú sókè, ẹ̀yin èèyàn. Títí di àwọn ọdún 1920, orí òkè tí ẹ̀ ń wò yẹn ni àwọn baba ńlá wa ń gbé láàárín àpáta. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ọba wa, ṣì wà níbẹ̀, àwọn àlejò sì ń fi ẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wò ó. Láti 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Kí ni wọ́n wá lọ sókè? Ṣé afẹ́fẹ́ ni? Ibi tí wọ́n á ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí wọn ni wọ́n wá lọ. Àwọn Ẹ̀gbá náà lọ sábẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n ní ojo, torí àwọn tí ì bá pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ọmọ wọn ni. Ọdẹ wo ló ń lu ìlù wọ igbó ẹran? Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ. Àwọn àgbà ti dá ẹjọ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó so páàdì mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó yẹ ká máa fi wọn ẹni tó ń gbá géèmù kò le: kí ló ní láti pàdánù, kí ló sì ti rí kó tó gbé ẹsẹ̀? Ó hàn sí gbogbo ẹni tó lójú, n kò ní fi bébà ṣòfò lé e lórí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba owó nílé géèmù, ẹ yé fi ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́ ti géèmù ìlúgọ ṣe yẹ̀yẹ́. Owó kan náà ló ń san. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá IGI àkọ́kọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan, ẹ wọ iṣẹ́ kìíní, kí ẹ fẹsẹ̀ ta gẹ́tì wọlé bí ọkùnrin. Ẹ padà wá sọ ibi tí ẹ kú sí fún mi.